Ìyàwó Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Gbẹ

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Bassila, tí ẹ ti ń rí òrùlé Manigri lókèèrè, ibì kan wà lójú títì tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í tán níbẹ̀, àti òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Kàmíọ̀ tí kò bá rì níbẹ̀ lónìí, ó di ọ̀la. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì ti wọlẹ̀, kò sí awakọ̀ tó máa pe Ọlọ́run kí ó tó pe Adéṣínà. "Adéṣínà! Ìwọ Adéṣínà yìí! Níbi tí o bá wà, Ọlọ́run má jẹ́ kí o rójú sùn!" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ bóyá ènìyàn ni Adéṣínà àbí iwin. Èmi mọ̀. Bàbá tó bí ìyá mi ni.

Ó ti lọ báyìí. A ti sin ín, koríko ti ń hù lórí sàréè rẹ̀, àwọn ará ilé sì ti jà tán lórí ẹni tó máa jogún àga rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀ nítorí pé èmi ni wọ́n rán lọ sí ilé ìwé àwọn Faransé. Mi ò lè kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìkókó dé ọjọ́ ikú. Òun gan-an kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó bá ara mu. Ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àga náà. Ọ̀pá ògùrọ̀ ni Bàbá fi ṣe é. Ògùrọ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọ̀pẹ tí à ń rí epo lára rẹ̀ o. Ọ̀pẹ lè gbé ibikíbi, kódà bí ẹ bá sọ èkùrọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó lè hù. Ògùrọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú àbàtà ló ń gbé, lábẹ́ àwọn igi ńlá tí kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé tán, níbi tí omi ti ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín gbòǹgbò. Ewé rẹ̀ gùn débi pé bí ẹ bá na ọ̀kan sílẹ̀, ẹ lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu yín. Irú àbàtà bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé Bàbá, ti ìdílé rẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìsọ̀ wa, ìyẹn àdúgbò wa, ti ń pọn omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọkùnrin gíga ni Bàbá, ó gùn ju àga náà lọ. Ní gbogbo ọ̀sán, yóò jókòó sórí rẹ̀, yóò sì ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú igbá omi. Bí àlejò bá dé, omi ẹsẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, omi mímu á tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan wá láti Pénéssoulou nígbà kan, ó fẹ́ ra iṣu, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò bọ́ bàtà. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, adìyẹ ń kọjá láàárín wọn, oòrùn ń lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú igbá, Bàbá sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ ò tíì délé."

Kì í wọ àbàtà láì kàgò. Yóò dúró létí rẹ̀, yóò wúkọ́, yóò ní, "Àgò o!" Lẹ́yìn náà yóò dúró. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a lọ, mo sì rò pé ó gbàgbé nǹkan ni.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Kí wọ́n dáhùn."

A dúró. Àkèré kan ké lábẹ́ ewé. Bàbá wá mi orí, ó sì wọlé.

"Ṣé ògùrọ̀ ló dáhùn yẹn?"

"Àkèré ni. Ẹni tó bá wà nílé ló ń dáhùn. Kò di dandan kó jẹ́ onílé."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàgò kí n tó wọ ibikíbi, títí kan iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, ibi tí wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ohun tí Bàbá fẹ́ràn jù lára ògùrọ̀ ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń rẹ́rìn-ín. Ògùrọ̀ kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Yóò máa dàgbà, ọdún á máa gorí ọdún, kò ní so nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, yóò yọ gbogbo èso tó ní láyé rẹ̀ pọ̀, yóò so ó, yóò sì kú. Sàká, aládùúgbò wa, máa ń sọ pé igi aláìlọ́gbọ́n ni, pé ọ̀pẹ tó ń so lọ́dọọdún ló mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá á ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lòun máa sọ̀rọ̀, kì í fi ẹnu ṣòfò." Sàká á sì dá a lóhùn pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì panu mọ́ láti àárọ̀. Òótọ́ ni Sàká sọ. Bàbá lè sọ̀rọ̀ títí iṣu á fi jóná.

Òun àti Ìyá àgbà jà púpọ̀, ìjà wọn sì máa ń dùn mọ́ wa. Èyí tó lókìkí jù ni ìjà ibùsùn. Bàbá fi ọ̀pá ògùrọ̀ ṣe ibùsùn tuntun kan, ó fi okùn tí ó ya lára ewé rẹ̀ dì í. Ibùsùn náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń ké. Bí ẹ bá mí lórí rẹ̀, ó ké.

"Bàbá Ayọ̀ká," ni Ìyá àgbà wí, nítorí Ayọ̀ká ni orúkọ ìyá mi, "ibùsùn yìí ń ròyìn wa fún àdúgbò."

"Àárò omi ló ń sọ ọ́. Máa fara dà á."

Kò fara dà á. Ó ká ẹní rẹ̀, ó kó lọ sí ilé ìdáná. Bàbá ní òun ò lè dá sùn, ó sì gbé ibùsùn tẹ̀ lé e. Ibùsùn náà há sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé, kò jáde. Bàbá kọ̀ láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìyá àgbà kọ̀ láti padà sí iyàrá. Títí wọ́n fi wa iṣu tuntun lọ́dún náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹun nílé wa, orí ibùsùn ló máa gbà wọlé, Bàbá á sì wà lórí rẹ̀, á máa kí wọn, "Ẹ rọra o, ẹ kú ìrìn."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ibùsùn ni wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ lójú títì. Ti kòmándà ni.

Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Faransé ló ń pàṣẹ lórí gbogbo wa, kòmándà, òyìnbó alákòóso tó ń gbé ní Djougou, sì máa ń gba ọ̀nà wa kọjá láti wo bí iṣẹ́ títì ṣe ń lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi tipátipá kó wa ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ gbóná, ó ń yọ èéfín. Bí wọ́n ṣe ń bu omi sí ọkọ̀, òun sọ̀kalẹ̀ wọ inú àbàtà Bàbá láti gba atẹ́gùn. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ó ń pọn omi. Ó ní ọkùnrin náà gbé ojú sókè sí ewé ògùrọ̀, ó sì ṣí fìlà rẹ̀ bí ẹni tó wọ ilé onílé. Ìyá àgbà ní òun fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, títí tó fi la ẹnu.

Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ igi yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ́tùn-ún àti lósì, kó tò gbọọrọ láti ẹnu ìlú dé ọjà, kí òun máa rí i bí òun bá ń kọjá. Ògbifọ̀ rẹ̀, ọmọ etí òkun tó jẹ́ pé ọ̀pẹ àti àgbọn nìkan ló mọ̀, túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú. Àwọn àgbà wo ara wọn. Orí òkè ni títì wà, yanrìn àti òkúta ni ibẹ̀. Kò sí ọmọdé kan ní Manigri tí kò mọ̀ pé ògùrọ̀ máa kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Manigri a kì í wí fún àlejò lójú gbogbo ayé pé ohun tó béèrè kò ṣeé ṣe. A máa ń wí pé a ti gbọ́. Ọmọ ìlú mọ̀ pé ẹni tó ní òun ti gbọ́ ò tíì ṣèlérí nǹkan kan.

"A ti gbọ́," ni àwọn àgbà wí.

"Wọ́n ti gbà," ni ògbifọ̀ wí fún kòmándà.

Kòmándà béèrè ẹni tó ni àbàtà. Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Wọ́n ní kó gbọ́ dáadáa: òun ló máa gbìn wọ́n, bí èyíkéyìí bá sì kú, ẹ̀wọ̀n ló máa lọ. Bàbá náà dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó ní òun ti gbọ́.

Wọ́n hú àwọn ògùrọ̀ kéékèèké, wọ́n gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí ọyẹ́ tó parí, gbogbo wọn ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé kòmándà ń bọ̀ láti Bassila. Ẹ̀rù ba Bàbá. Ó sáré wọ àbàtà, kò tilẹ̀ rántí láti kàgò, ó gé ewé ògùrọ̀ tútù, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ìsọ̀ wa sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ sínú ihò tí àwọn òkú igi náà wà. Kòmándà kọjá, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ kan ewé kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní wọ́n ń dàgbà kíákíá. Ó ní kí wọ́n fi kún un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àrùn nìyẹn. Ewé tí wọ́n gé kì í tutù pẹ́, nítorí náà, bí kòmándà bá ti fẹ́ dé, wọ́n á tún gé òmíràn. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ dé, wọ́n á gé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú òyìnbó mìíràn wá wò ó. Òyìnbó náà ya àwòrán, Bàbá sì dúró níwájú ewé kan tó ń tẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í gbọnin kó má baà wó. Ọ̀dọ́ kan ní Doguè gbọ́ pé ògùrọ̀ ń hù lórí òkúta ní Manigri, ó fẹsẹ̀ rìn wá láti wá tọrọ irú rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, pé a ti gbọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àbàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ewé ṣe ń dínkù ni oòrùn ń wọlé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn lámilámi lọ, akàn wọ ihò, kò jáde mọ́. Àwọn obìnrin ìsọ̀ wa tí wọ́n ń fi igbá bu omi tẹ́lẹ̀ wá ń fi ọwọ́ wa yanrìn kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n máa mu. Lọ́jọ́ kan Bàbá dúró létí àbàtà, ó kàgò, kò sì gbọ́ àkèré kan. Ó tún kàgò. Ó padà wálé, kò sì fi ẹsẹ̀ bọ inú igbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà gbé ìkòkò òfìfo kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Omi wa lẹ fi ń bo irọ́ yín mọ́lẹ̀, Bàbá Ayọ̀ká. Ìgbà wo ni yóò tó yín?"

"Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. O fẹ́ kí n lọ sẹ́wọ̀n?"

"Mi ò fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí Ayọ̀ká máa mu yanrìn. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí ẹ bá fẹ́ mú ẹni kan kúrò nílé rẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ó lẹ́rù ni? Nígbà tí mò ń bọ̀ wá sílé yìí, ṣé èmi nìkan ṣoṣo lẹ gbé wá bí iṣu? Mo gbé ìkòkò mi wá, mo gbé ọlọ mi wá, àwọn àbúrò mi tẹ̀ lé mi, ẹ sì da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé."

Ó ní Bàbá wo òun títí, ojú rẹ̀ sì là.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí, "bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí ti ọmọ la fi ń jẹ́ ẹ? Ìyàwó ni kòmándà ń fẹ́. A ò tíì fa ìyàwó fún un bó ṣe yẹ."

Ẹ mọ̀ pé níbi tí à ń gbé, bí wọ́n bá sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, ará ilé ọkọ gbọ́dọ̀ da omi sí i lẹ́sẹ̀. Láìṣe èyí, kò ní wọlé. Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà dé ìparí rẹ̀. Ìyàwó tí kòmándà ń fẹ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Omi tí wọ́n máa dà sí i kò gbọdọ̀ dá. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n lọ sí òkè odò tó ń bọ́ àbàtà, wọ́n sì la ọ̀nà omi láti ibẹ̀ wá dé ibi tí títì ti rẹlẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ ìyàwó.

Kòmándà dé lọ́sàn-án, ó wọ aṣọ funfun. Ohun tó bá lójú títì, Ìyá àgbà sọ ọ́ fún mi títí mo fi lè rí i bí mo bá di ojú. Àwọn obìnrin ń bọ̀ láti inú àbàtà, wọ́n ń sun ẹkún ìyàwó. Láàárín wọn, wọ́n gbé ògùrọ̀ kékeré kan, wọ́n fi aṣọ bò ó lórí, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú agbọ̀n ẹrẹ̀. Ẹrù ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn: igbá ẹrẹ̀, igbá ẹrẹ̀ mìíràn, àrọ̀ kan nínú ìkòkò, akàn tí wọ́n fi okùn so, ìgbín, ewé jíjẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, àti agbọ̀n ńlá kan tí wọ́n dé ní ìdérí, tí ohun inú rẹ̀ ń fò. Sàká gan-an, tó kórìíra ògùrọ̀, gbé ọlọ.

Ògbifọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. "Kí ni kí n wí fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ dé," ni Bàbá wí.

Ògbifọ̀ sọ nǹkan kan. Kòmándà náà sọ nǹkan kan, ó nàka sí agbọ̀n ńlá.

"Ó ní kí ló wà nínú èyí?"

"Àwọn àna rẹ̀."

Wọ́n ṣí ìdérí. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà kúrò ní eré: àti ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, wọ́n ń fò wọ inú ọkọ̀ kòmándà, wọ́n ń fò lé awakọ̀ lórí, ọ̀kan jókòó sórí fìlà ògbifọ̀, kò sì lọ mọ́. Wọ́n gbé ìyàwó kalẹ̀ sínú ihò. Bàbá bu omi sí igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún kòmándà. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ wò, yóò ṣe ohun kan. Ó gba igbá náà, ó sì da omi sí ìdí ògùrọ̀. Àwọn obìnrin fi ayọ̀ ké yúùù. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọ̀dọ́ lókè sì yọ amọ̀.

Omi dé. Ó wọ́ wá, kò pariwo, ó bo ìdí ìyàwó, ó kún bàtà kòmándà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó fi imú kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí àna.

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní òun náà ń rẹ́rìn-ín, títí òun fi rí ojú Bàbá. Bàbá rìn lọ síbi ewé kan lára àwọn tí kòmándà fẹ́ràn, ó fà á tu. Kò ní gbòǹgbò. Ó fa èkejì tu. Ó gbé méjèèjì wá, ó tẹ́ wọn síwájú kòmándà nínú omi, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà.

"Ẹ bá mi sọ fún un," ó wí fún ògbifọ̀, "kí ẹ má sì dín in kù. Gbogbo èyí tó rí láti ọjọ́ yìí, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, nítorí pé mò ń bẹ̀rù rẹ̀. Igi yìí kì í ṣe igi nìkan. Omi ni, òjìji ni, àkèré ni. Bó bá fẹ́ ẹ, bó ṣe máa gbà á nìyí, pẹ̀lú ilé rẹ̀. Bí kò bá lè gba ilé rẹ̀, kó jẹ́ kó padà lọ."

Wọ́n mú un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ jáde tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, òun àti àwọn àkèré tí kò gbà láti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní Djougou títí àkókò òjò fi wọlé dáadáa. Kò sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo bi í léèrè léraléra, ohun kan ṣoṣo ló wí fún mi: "Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ọmọ mi." Títí di òní, inú mi kì í dùn bí mo bá rántí bó ṣe sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún béèrè ògùrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́. Wọn ò gé ewé mọ́, òjìji padà, omi padà. Ọjọ́ tí wọ́n tú Bàbá sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wálé, kò sì yà sílé. Ó lọ sétí àbàtà, ó wúkọ́, ó ní, "Àgò o!" Ìyá àgbà tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́yìn igi, ó sì gbọ́ bí gbogbo àkèré ibẹ̀ ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ìgbà yẹn nìkan lòun rí i tó ń sunkún.

Ìyàwó kòmándà ò kú. Ọ̀nà omi tí wọ́n là kò sì tún dí mọ́. Òyìnbó mìíràn wá, ó da òkúta sí i, omi gba ẹ̀gbẹ́ òkúta jáde. Òmíràn mú títì gba ẹ̀bá, omi tẹ̀ lé e. Bàbá máa ń jókòó sórí àga rẹ̀, á máa gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣépè fún un lókèèrè, á ní, "Wọ́n ń kí mi." Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ìyàwó náà yọ èso. Wọ́n wá sọ fún un. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ wò ó, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó yà wá lẹ́nu.

Ilé ìwòsàn tó wà ní Bassila ló kú sí. A háyà kàmíọ̀ kan láti gbé e wálé, ọmọ Pénéssoulou ló ń wà á, kò mọ̀ wá rí. Ẹní la fi wé Bàbá, ṣùgbọ́n ó gùn ju ẹní lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Èmi àti Ìyá àgbà jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá àgbà ò sunkún, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹní. A ti ń rí òrùlé Manigri nígbà tí ọkọ̀ fì, tí ó kérora, tí ó sì rì.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún. Ó gbé ojú sókè ọ̀run. "Adéṣínà! Adéṣínà olóríburúkú! Níbi tí o bá wà lónìí, Ọlọ́run má jẹ́ kí o sinmi!"

Ìyá àgbà yọ orí síta.

"Òun lẹ gbé yìí, ọmọ mi," ó wí.

Ọkùnrin náà wò wá, ó wo ẹsẹ̀ tó yọ nínú ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà, gbogbo aṣọ rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ forí jì mí, Bàbá, ẹ forí jì mí." Ẹ̀rín gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi, n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín ti parí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ti kú, ewé rẹ̀ ti gbẹ sórí, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ti já sínú omi náà, àwọn ọmọ ògùrọ̀ sì ń yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ́tùn-ún àti lósì, bí kòmándà ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Kìkì pé wọn ò tò.

Ìyá àgbà ní kí n ran òun lọ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó dúró sínú ẹrẹ̀. Ó bu omi láti ìdí àwọn ọmọ ògùrọ̀ náà, ó dà á sí ẹsẹ̀ Bàbá. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó fọ àárín ọmọ ìka. Kò sí ẹni tó kán an lójú. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wẹ tèmi lọ́jọ́ tí mo dé," ó wí fún un. "Ó wá kan tiyín."

Nígbà tó ṣe tán, ó na ọwọ́ kí n fà á sókè. Ó tún ẹní náà tò, ó sì kọjú sí awakọ̀ tó ṣì wà nílẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi, dìde. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó ti lè wọlé báyìí."